Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀: Àṣẹ Tí Ará Ìlú Yá Aṣojú Wọn

Nínú gbogbo àwọn tí ará ìlú ń dìbò yàn, ó jọ pé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn jù lọ sí àwọn tí ó yàn án. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí gómìnà ń ṣe, nítorí ọ̀nà tí ó là àti ilé-ìwé tí ó kọ́ kì í fara sin. Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti kánsílọ̀ kò sì jìnnà sí ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ olùgbé Mahuta, tàbí ti àdúgbò mìíràn ní ìlú Kàdúná, léèrè iṣẹ́ tí ẹni tí ó ń ṣojú wọn ní Lugard Hall ń ṣe, èsì wọn kì í sábà ju pé ó ń pín ìrẹsì nígbà ọdún, pé ó ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin, tàbí pé ó ń san owó ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtọrẹ kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtọrẹ ni òfin fi dá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀. Ilé yìí ni ó ń ṣe òfin tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé. Òun ni ó ń fọwọ́ sí owó kí ìjọba tó ná an. Ó tilẹ̀ ní agbára láti yọ gómìnà tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò fún kúrò nípò. Agbára tí ó tó báyìí kì í ṣe ti aṣòfin fúnra rẹ̀. Ará ìlú ni ó yá a, fún ọdún mẹ́rin péré. Ẹni tí ó bá sì yáni ní nǹkan ní láti mọ ohun tí ó yáni, kí ó sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà béèrè rẹ̀.

ÌDÍ TÍ A FI Ń PÍN AGBÁRA

Pípín agbára ìjọba kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kò dá ṣe ìjọba. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ó ń gbà á ní ìmọ̀ràn, àwọn náà ni ó sì ń fi ọba jẹ. Bí ìwà Aláàfin bá kọjá ààlà, wọ́n ní agbára láti kọ̀ ọ́, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Báyìí ni agbára ọba fi ní olùṣọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ kò parí síbẹ̀. Ní ìlàjì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Baṣọ̀run Gáà di agbára kíkọ ọba yìí mú, ó sì sọ ọ́ di ohun ìjà ara rẹ̀. Ju Aláàfin kan lọ ni ó bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, títí Aláàfin Abíọ́dún fi bì í ṣubú ní nǹkan bí ọdún 1774. Títí di òní, ikú Gáà ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá ń lo ipò rẹ̀ láti fi ṣe ìkà. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé aláṣẹ gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Èkejì ni pé ẹni tí ó ń yẹ aláṣẹ lọ́wọ́ wò pàápàá gbọdọ̀ ní ìlànà tí kò gbọdọ̀ rékọjá.

LÁTI AMẸ́RÍKÀ DÉ ÈKÓ, LÁTI ÈKÓ DÉ KÀDÚNÁ

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń lò. Láàárín àwọn aṣòfin ni a ti ń yan Olórí Ìjọba ẹkùn àti àwọn mínísítà rẹ̀. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 yí ìlànà yìí padà sí irú èyí tí Amẹ́ríkà ń lò. Ó ya gómìnà sọ́tọ̀, ó ya aṣòfin sọ́tọ̀, ó sì ní kí ará ìlú dìbò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo bí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ ti rí ní Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ní ọdún 1834, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan, tí kò tíì di lọ́yà, wọlé ìbò sí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Illinois. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yàn án síbẹ̀. Abraham Lincoln ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1861. Ní ọdún 1868, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà parí, àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù nínú ilé kékeré Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ South Carolina. Ọ̀kan nínú wọn ni Robert Smalls, tí a bí sí oko ẹrú ní ọdún 1839. Ó wá di ọ̀kan lára àwọn tí ó ń ṣe òfin fún ìpínlẹ̀ tí ó ti sọ ọ́ di ẹrú rí. Ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò pẹ́. Ìwà ipá àti ìdẹ́rùbà lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí àpótí ìbò, Ìwé Òfin tí South Carolina sì ṣe ní ọdún 1895 fi oríṣiríṣi ìdènà dí ọ̀nà ìbò mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹ̀tọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ lè bọ́ bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà, ní ọdún 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀ ní Èkó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn; yíyàn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń yan wọ́n. Ó di ọdún 1923 kí a tó dìbò yan aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjókòó mẹ́rin péré ni wọ́n dìbò sí, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar, àwọn ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn nìkan ni ó sì lè dìbò. Ní ọdún 1947 ni Ilé Aṣòfin ti Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Títí di ọdún 1979 ni àwọn obìnrin Àríwá kò fi láǹfààní láti dìbò nínú ìdìbò gbogbogbòò. Ìyá tí ó bá tò sórí ìlà láti dìbò ní Mahuta lónìí ń lo ẹ̀tọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà kò rí lò nígbà èwe rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ ILÉ AṢÒFIN Ń ṢE

Aṣòfin 34 ni ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣojú ẹkùn ìdìbò kan. Abẹnugan, tí wọ́n yàn láàárín ara wọn, ni ó ń darí ìjókòó. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ní kí ìjókòó wọn má dín ní ọjọ́ 181 lọ́dún, ìdámẹ́ta wọn sì gbọdọ̀ pé kí iṣẹ́ tó lè lọ. Ní Kàdúná, ìyẹn jẹ́ aṣòfin 12. Iṣẹ́ wọn pín sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì.

Èkíní ni òfin ṣíṣe. Àbá tí ó máa di òfin ni à ń pè ní àbádòfin. Ilé yóò kà á, yóò gbé e fún ìgbìmọ̀ kéékèèké láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ náà sì lè pe ará ìlú wá sọ èrò wọn. Bí Ilé bá fọwọ́ sí i, yóò lọ sọ́dọ̀ gómìnà, tí ó ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Bí gómìnà bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà nínú rẹ̀. Ní Kàdúná, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ aṣòfin 23.

Èkejì ni owó. Gómìnà ni ó ń gbé ètò ìṣúná wá, ṣùgbọ́n kò lè ná owó ìpínlẹ̀ bí Ilé kò bá fọwọ́ sí i. Bí omi òjò bá ń ba ọ̀nà jẹ́ ní àdúgbò kan nítorí pé kò sí gọ́tà, aṣòfin àdúgbò náà kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà, kò sì yẹ kí a retí pé kí ó fi owó àpò rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jà fitafita kí owó gọ́tà náà lè wọ inú ètò ìṣúná. Bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ tí gọ́tà kò sì yọjú, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè ibi tí owó náà wọlé sí.

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ kẹta, èyíinì ni àmójútó. Ilé ní agbára láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba wá jẹ́jọ́ iṣẹ́ rẹ̀, láti béèrè ìwé, àti láti wádìí bí a ṣe ná owó tí ó fọwọ́ sí. Òun náà ni ó ń ṣàyẹ̀wò àwọn tí gómìnà fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà, kí ó tó gbà wọ́n wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè ṣàtúnṣe sí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè láìjẹ́ pé, ó kéré tán, Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbò ẹnì kan ní Mahuta lè kan òfin tí yóò de gbogbo Nàìjíríà.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KÀDÚNÁ NÍ ỌDÚN 1981

Ìlú Kàdúná gan-an ni a ti kọ́kọ́ dán agbára tí ó tóbi jù lọ nínú agbára Ilé Aṣòfin wò dé òpin. Nínú ìdìbò ọdún 1979, àwọn olùdìbò Ìpínlẹ̀ Kàdúná ìgbà náà, tí Katsina ṣì wà nínú rẹ̀, yan Alhaji Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ òṣèlú PRP ní gómìnà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ni wọ́n fún ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjókòó 99 tí ó wà ní Ilé Aṣòfin. Ẹgbẹ́ gómìnà fi ara rẹ̀ hàn bí ẹgbẹ́ àwọn tálákà, ó sì fagi lé owó orí tí à ń pè ní haraji àti owó màlúù tí à ń pè ní jangali. Ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní Ilé ni ó sì ń ṣe ìjọba àpapọ̀.

Orí àwọn kọmíṣọ́nnà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Gómìnà kò lè yàn wọ́n láìsí ìfọwọ́sí Ilé, Ilé kò sì gba àwọn tí ó dárúkọ. Ìjọba ń lọ láìní kọmíṣọ́nnà; àwọn akọ̀wé àgbà ni ó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba. Aáwọ̀ náà le títí Ilé fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù ọdún 1981, wọ́n yọ Balarabe Musa nípò. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí Ilé Aṣòfin yọ ní Nàìjíríà. Igbákejì rẹ̀, Alhaji Abba Musa Rimi, ni ó jókòó parí sáà náà.

Àwọn tí ó yọ ọ́ ní ó ṣẹ̀ sí òfin. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó kọ̀ láti pín ìjọba rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ìjiyàn náà kò sì tíì tán. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìhà méjèèjì kò lè sẹ́: ará ìlú kan náà, nínú ọdún kan náà, ni ó yan gómìnà tí ó sì yan àwọn aṣòfin. Ìbò tí ó pín báyẹn kì í ṣe àṣẹ pé kí wọ́n máa bára wọn jà. Ńṣe ni ó sọ pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀, kí oníkálukú sì fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó lé ní ogún oṣù tí wọ́n fi wà lẹ́nu ìjà náà, ìpínlẹ̀ kò sì ní kọmíṣọ́nnà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbogbo Ilé Aṣòfin ní Nàìjíríà. Àtẹni tí ó yọni, àtẹni tí wọ́n yọ, kò sí ẹni tí ìbò ará ìlú tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

BÍ ÒFIN ṢE NÍ KÍ A YỌ GÓMÌNÀ

Abala 188 nínú Ìwé Òfin ti ọdún 1999 to ọ̀nà ìyọnípò lẹ́sẹẹsẹ kí ó má baà di ohun ìbínú. Ẹ̀sùn gbọdọ̀ wà nínú ìwé, ìdámẹ́ta àwọn aṣòfin, ó kéré tán, gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀dà rẹ̀ sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn láàárín ọjọ́ méje. Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin gbọdọ̀ gbà pé kí ó wáyé. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yóò wá yan ènìyàn méje tí ìwà wọn kò ní àbàwọ́n, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kì í ṣe aṣòfin, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Níwájú wọn ni gómìnà ti lè sọ tẹnu rẹ̀, fúnra rẹ̀ tàbí láti ẹnu lọ́yà. Bí àwọn méje yìí bá ní ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọdọ̀ tún gba àbájáde náà kí gómìnà tó kúrò.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìbàdàn fi hàn pé òfin yìí kò gba àbùjá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2005, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 tí ó wà ní Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kóra jọ sí ilé ìtura kan láti bẹ̀rẹ̀ ètò àtiyọ Gómìnà Rashidi Ladoja. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ ọ́, igbákejì rẹ̀ sì gba ipò. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kì í ṣe 18. Kò gbọdọ̀ dín ní 22. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìyọnípò náà ní oṣù Bélú ọdún yẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ. Ladoja padà sórí àga lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Ìwé Òfin sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìyọnípò, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là á yé gbogbo ènìyàn pé kìkì ìyọnípò tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà ni ààbò yẹn wà fún.

OJÚṢE ẸNI TÍ Ó YÁNI NÍ ÀṢẸ

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n yìí ni a ń retí lọ́wọ́ aṣòfin tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ bá fẹ́ lò bí ohun ìjà. Ṣùgbọ́n ará ìlú náà ní ojúṣe tirẹ̀.

Èkíní, kí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ibi tí ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni a bí sí Kàdúná, tí ó ń ṣòwò níbẹ̀, tí ó ń tọ́ ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbò ìlú baba rẹ̀ nìkan ni ó ń dùn ún. Òfin gba ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18 láàyè láti forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé tàbí níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Gọ́tà Mahuta ni omi rẹ̀ ń wọ inú ilé ẹni tí ó ń gbé Mahuta, kì í ṣe gọ́tà Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ti Ọ̀ffà. Ẹni tí ó bá sì ti pé ọdún 25, tí ó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà kalẹ̀, lè du ìjókòó náà. Kò sí ibi tí Ìwé Òfin ti béèrè ìlú baba rẹ̀.

Èkejì, kí ará ìlú mọ orúkọ aṣojú rẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí ó yẹ lọ́wọ́ rẹ̀: àbádòfin wo ni ó gbé dìde? Kí ni ó wà fún àdúgbò wa nínú ètò ìṣúná ọdún yìí? Èwo ni a ti ṣe nínú ti èṣí? Ìbéèrè mẹ́ta yìí, bí ẹgbẹ́ àdúgbò, ìjọ, mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, níye lórí ju ọgọ́rùn-ún àpò ìrẹsì lọ. Bí a bá sì kéde pé Ilé fẹ́ gbọ́ èrò ará ìlú lórí àbádòfin kan, kí wọ́n yan ẹni tí yóò lọ sọ tiwọn.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ̀ pé ohun tí a yáni ṣeé gbà padà kí ọdún mẹ́rin tó pé. Abala 110 nínú Ìwé Òfin sọ pé bí iye tí ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ẹkùn kan bá kọ̀wé sí Àjọ Elétò Ìdìbò pé àwọn kò fọkàn tán aṣòfin wọn mọ́, Àjọ náà gbọdọ̀ ṣe ìdìbò lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 90. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà bá tún fara mọ́ ọn, ó di dandan kí ó fi ìjókòó náà sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó le ni, ó sì yẹ kí ó le, kí ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìbò má baà fi dí ẹni tí ó wọlé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wà, inú òfin ni ó wà, kò sì ní ìwà ipá nínú.

Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa, kò sí ìbò rárá. Ẹlòmíràn ni ó ń yan ẹni tí yóò ṣòfin fún wọn. Lónìí, Àjọ Elétò Ìdìbò ń fún ni ní káàdì ìdìbò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí Àjọ náà bá ṣílẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Kí ẹni tí káàdì rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì Àjọ lọ gbà á. Kí ẹni tí ó ti ní tirẹ̀ lọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n ń fi àṣẹ rẹ̀ ṣe ní Lugard Hall.